Aládùúgbò Tí Kò Sí Nínú Ẹgbẹ́

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ààrẹ àti ti àwọn ikọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní sùúrù díẹ̀, ẹ óò rí i pé ó dé inú ìkòkò oúnjẹ yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, lẹ́bàá ààfin Èwí. Ẹ wo àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fi kóńgò wọn ẹ̀wà, èyí tí àwa ará Èkìtì ń pè ní erèé. Bí ẹ bá bi wọ́n pé, "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Níbo ni erèé yìí ti wá?" wọn yóò dá yín lóhùn pé, "Òkè Ọya ni, ọmọ mi." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n Òkè Ọya náà ní ibi tí ilẹ̀ Nàìjíríà parí sí. Bí a bá kọjá Kánò, tí a kọjá Kàtsínà, a ó dé ẹnubodè, a ó sì bọ́ sí orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r. Orílẹ̀-èdè náà wà lára àwọn tí ń gbin ẹ̀wà jù lọ ní gbogbo ayé, ilẹ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n sì ń ta púpọ̀ nínú rẹ̀ fún. Ìlú Èkìtì kò bá Nìjẹ̀r pààlà, ṣùgbọ́n oúnjẹ ti so wá pọ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Nìjẹ̀r, Málì àti Bùrkínà Fasò jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí ECOWAS. Ìbéèrè tí ó wá dojú kọ wá ni pé: bí orílẹ̀-èdè kan kò bá sí nínú ẹgbẹ́ tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ wà, tí agbára rẹ̀ kò sì tó ti ẹgbẹ́ náà, ọ̀nà wo ni yóò fi máa bá wọn gbé, tí ẹrù yóò fi máa lọ, tí èèyàn yóò fi máa bọ̀, láìsí ìjà?

Kí a tó dáhùn, kí ni à ń pè ní ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè? Àwa ọmọ Èkìtì kò ní láti wá ìdáhùn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún 1878, nígbà tí ọwọ́ Ìbàdàn le mọ́ wa, àwọn ìlú Èkìtì, tí olúkúlùkù wọn ní ọba tirẹ̀, pa ohùn pọ̀ pẹ̀lú àwọn Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn, wọ́n sì dá Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n dúró pọ̀ nínú ogun Kírìjì, wọ́n sì dúró pọ̀ nígbà tí a ń fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886. Kò sí ọba tí ó bọ́ adé sílẹ̀ nítorí pé ó bá àwọn yòókù pé. Ohun tí olúkúlùkù fi sílẹ̀ ni àǹfààní láti dá ṣe tinú ara rẹ̀. Ohun tí ó gbà dípò rẹ̀ ni agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ECOWAS rí. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní ìlú Èkó. Cape Verde wọlé lẹ́yìn náà, wọ́n sì di 16. Ní ọdún 1979 wọ́n ṣe àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíràn kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Wọ́n tún fi ohùn sí i pé kí owó ibodè dínkù lórí ẹrù tí a bá ṣe nílẹ̀ ara wa. Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ ni a ṣe é fún. Kí ni ti ẹni tí ó bá jáde?

A kò ní láti máa méfò. Orílẹ̀-èdè kan ti rin ọ̀nà yìí ní ọdún 25 ṣáájú Nìjẹ̀r. Mauritáníà ni orúkọ rẹ̀. Ó wà ní ìhà àríwá odò Sẹ̀nẹ̀gàl, láàrin aṣálẹ̀ Sàhárà àti òkun. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju ti Nàìjíríà lọ, ṣùgbọ́n iyanrìn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Gbogbo èèyàn inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà, nígbà tí Nàìjíríà nìkan ti ju 200 mílíọ̀nù lọ. Bí a bá ń ka orí, orílẹ̀-èdè kékeré ni.

Mauritáníà wà lára àwọn 15 tí wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀. Ní òpin ọdún 1999 ó kéde pé òun ń lọ, nígbà tí ó sì di ọdún 2000, ó jáde. Ó ti ń ná owó tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ouguiya, láti ọdún 1973, bẹ́ẹ̀ ni ECOWAS ń múra láti jẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa ná owó kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ sì ti ń yí sí àríwá, níbi tí òun, Mòrókò, Àlgéríà, Tùnísíà àti Líbyà ti dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní ọdún 1989. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ti àríwá yìí kò ta pútú. Mòrókò àti Àlgéríà kò gbọ́ ara wọn yé, àwọn olórí wọn kò sì tíì jókòó ìpàdé pọ̀ láti ọdún 1994. Mauritáníà fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, èkejì tí ó gbójú lé sì ti sùn lọ.

Ẹ kíyè sí i, ènìyàn lè jáde kúrò nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ká ilẹ̀ rẹ̀ bí ẹní kí ó gbé e lọ síbòmíràn. Lẹ́yìn tí Mauritáníà jáde, odò Sẹ̀nẹ̀gàl kò yí ọ̀nà padà. Sẹ̀nẹ̀gàl wà ní bèbè kejì bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, Málì sì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Kí ni Mauritáníà wá ṣe?

Ohun kìíní ni pé ó mọ àwọn nǹkan tí kò lè ṣe aláìní, ó sì ń ṣe àdéhùn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ gba ti omi odò náà. Láti ọdún 1972 ni Mauritáníà, Málì àti Sẹ̀nẹ̀gàl ti dá àjọ kan sílẹ̀ fún odò Sẹ̀nẹ̀gàl. Àjọ náà sé odò ní Diama nítòsí òkun, ó sì tún sé e ní Manantali ní ilẹ̀ Málì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì jọ ni iṣẹ́ náà. Iná mànàmáná tí ń ti Manantali wá, wọ́n pín in: nínú 100, ìpín Málì jẹ́ 52, ti Sẹ̀nẹ̀gàl jẹ́ 33, ti Mauritáníà jẹ́ 15. Nígbà tí Mauritáníà fi ECOWAS sílẹ̀, kò fi àjọ odò sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ohun kejì ni pé kò ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ pa. Èyí kò túmọ̀ sí pé wọn kì í jà. Ní ọdún 1989, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà nínú ECOWAS, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ oko àti pápá ẹran ní etí odò náà. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Dakar àti ní Nouakchott, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kúrò ní ìhà méjèèjì. Wọ́n gé ìbáṣepọ̀ kúrò, ó sì di ọdún 1992 kí wọ́n tó tún un so. Ẹ rí i pé jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ nìkan kò dá ìjà dúró.

Ẹ wá fi wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2018. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi Mauritáníà yìnbọn pa ọ̀dọ́ apẹja kan, ọmọ ìlú Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl, tí ó ń pẹja ní omi Mauritáníà. Inú bí àwọn ará ìlú rẹ̀, wọ́n sì dojú kọ ìsọ̀ àwọn ará Mauritáníà tí ń tajà láàrin wọn. Ìbá ti tún di ti ọdún 1989. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba méjèèjì jókòó, nígbà tí ó sì di oṣù keje ọdún náà, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn apẹja Sẹ̀nẹ̀gàl yóò gba ìwé àṣẹ 400, wọn yóò sì lè pa ẹja 50,000 tọ́ọ̀nù nínú ọdún. Àdéhùn kò jí òkú dìde. Síbẹ̀, ó fún alààyè ní ọ̀nà láti jẹun láìsí ìbọn.

Ohun kẹta ni pé ó ní nǹkan lọ́wọ́ tí aládùúgbò rẹ̀ ń fẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ní ọdún 2015 wọ́n rí afẹ́fẹ́ gáàsì lábẹ́ òkun, ní ojú ààlà Mauritáníà àti Sẹ̀nẹ̀gàl gan-an. Ìbá di ogun. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018 wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò jọ wà á, àwọn yóò sì pín in ní ọgbọọgba. Ní ọdún 2025 ọkọ̀ ojú omi kìíní gbé gáàsì náà jáde lọ tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èbúté Nouakchott. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, nígbà tí ECOWAS ti ẹnubodè mọ́ Málì nítorí àwọn ológun tí wọ́n gba ìjọba níbẹ̀, Mauritáníà kò sí lábẹ́ òfin náà. Àwọn aṣojú Málì lọ sí Nouakchott lọ́gán láti bẹ ọ̀nà fún ẹrù wọn. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ni ó di ilẹ̀kùn fún ẹni tí ẹgbẹ́ ń jẹ níyà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, Mauritáníà tún padà wá kan ilẹ̀kùn ECOWAS. Kò ní kí wọ́n tún gba òun sí ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọdún 2017 ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìbákẹ́gbẹ́ pẹ̀lú ECOWAS lórí ọ̀rọ̀ ẹrù, owó ibodè àti ìrìn àwọn èèyàn. Ó fẹ́ máa bá wọn ná ọjà láìjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ mọ́.

Bí mo bá dákẹ́ síbí, ẹ lè rò pé dídá gbé dùn ju ẹgbẹ́ lọ. Rárá o. Ó ní iye tí à ń san. Ẹni tí kò sí nínú ìpàdé kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin, bẹ́ẹ̀ òfin náà yóò kàn án bí ó bá fẹ́ tajà fún wọn. Àwọn ará Yúróòpù mọ èyí. Nọ́rwèy dìbò lẹ́ẹ̀mejì, ní ọdún 1972 àti 1994, pé àwọn kò wọ ẹgbẹ́ Yúróòpù. Síbẹ̀, kí ẹrù rẹ̀ lè máa wọ ọjà wọn, ó ń gba ọ̀pọ̀ òfin wọn, kò sì ní ìbò kan nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Swítsàlandì yan ọ̀nà ti Mauritáníà, àdéhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Ní ọdún 2014 àwọn ará ìlú dìbò pé kí àjèjì tí ń wọlé dínkù. Ẹgbẹ́ Yúróòpù bínú, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ dá dúró ni ètò tí ń jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìhà méjèèjì lọ kàwé lọ́dọ̀ ara wọn. Àwọn àgbà dìbò, àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ó kọ́kọ́ kàn.

Iye mìíràn tún wà, mẹ̀kúnnù ni ó sì ń san án. Nínú ẹgbẹ́, ẹ̀tọ́ ni kí èèyàn kọjá ẹnubodè. Lẹ́yìn ẹgbẹ́, ojú rere ni, ojú rere a sì máa yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Mauritáníà kó ọ̀pọ̀ àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl àti Málì sì pọ̀ nínú wọn. Wọn kò lè na ọwọ́ sí àdéhùn ọdún 1979, nítorí Mauritáníà kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl ní láti lọ bá a jókòó, kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn tuntun lórí bí ọmọ orílẹ̀-èdè kan yóò ṣe máa gbé ní èkejì.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀yìnkùlé tiwa. Ní oṣù keje ọdún 2023 àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀r. ECOWAS ti ẹnubodè, ó dá òwò dúró, Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná tí ń lọ síbẹ̀. Nínú 100 iná tí Nìjẹ̀r ń lò, nǹkan bí 70 ni ó ń ti ọ̀dọ̀ wa wá. Àwọn lọ́rì tò sí ojú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù tí ń jẹrà. Ìjìyà náà wà fún àwọn ológun, ṣùgbọ́n ó ba oníṣòwò Kàtsínà, ó ba àgbẹ̀ Nìjẹ̀r, ó ba awakọ̀ tí kò mọ nǹkan kan nípa ìdìtẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ECOWAS mú ìjìyà náà kúrò. Ṣùgbọ́n oṣù tí ó ṣáájú ni àwọn mẹ́ta náà ti kéde pé àwọn ń lọ, wọn kò sì yí ohùn padà. Ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́ tiwọn ní Niamey.

Nígbà tí ọjọ́ ìjáde wọn pé, ECOWAS hu ìwà àgbà. Ó ní kí àwọn tí ó kù nínú ẹgbẹ́ ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àwọn ará orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà, kí wọ́n sì máa ṣe sí ẹrù wọn bí ti tẹ́lẹ̀, títí a ó fi sọ ohun mìíràn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: "títí a ó fi sọ ohun mìíràn". Èèyàn kò lè kọ́ ilé sórí gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀wà ọdún tí ń bọ̀ ní láti mọ iye tí yóò san ní ẹnubodè. Ìyàwó ará Nàìjíríà tí ń bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Niamey ní láti mọ̀ bóyá òun lè dúró.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìtàn Mauritáníà wúlò fún wa. Ohun tí ó gbà á là kì í ṣe àdéhùn ńlá kan tí ó bo ohun gbogbo. Àwọn àdéhùn kéékèèké ni, ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún ẹja, ọ̀kan fún gáàsì, pẹ̀lú ìwé, pẹ̀lú iye, pẹ̀lú ọjọ́. Àwa àti Nìjẹ̀r sì ní ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1971, ọdún mẹ́rin kí ECOWAS tó wà rárá, ni Nàìjíríà àti Nìjẹ̀r ti dá àjọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ kan sílẹ̀, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Niamey. Ààlà wa gùn ju 1,500 kìlómítà lọ. Kò sí ọmọ ogun tí ó lè ṣọ́ gbogbo rẹ̀ bí àwọn tí ń gbé níbẹ̀ kò bá fẹ́. Kí a lo àjọ yìí. Kí a kọ àdéhùn ti ẹ̀wà àti àlùbọ́sà sílẹ̀ lọ́tọ̀, ti iná lọ́tọ̀, ti ẹni tí ń gbé nílẹ̀ ara wa lọ́tọ̀, kí ìjà lórí ọ̀kan má baà fa gbogbo rẹ̀ ya.

Àwa ni àgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwa ni a pọ̀ jù. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Àgbà tí ó bá bá aládùúgbò jà kò gbọdọ̀ gbàgbé pé kànga kan náà ni wọ́n jọ ń pọn. Ẹni kékeré ní láti fi ọgbọ́n rìn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni ńlá ní láti fi ọ̀nà sílẹ̀ tí ọgbọ́n yóò gbà kọjá.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ kan wà fún yín. Ẹ mú àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, kí ẹ wá odò Sẹ̀nẹ̀gàl, kí ẹ fi ìka tọ ọ́ láti òkun dé Málì, kí ẹ sì ka iye orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà ẹ tọ ààlà Nàìjíríà àti Nìjẹ̀r bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá tún lọ ra erèé ní Ọjà Ọba, ẹ bi ìyá tí ń tà á léèrè ọ̀nà tí ó gbà dé. Ó ṣeé ṣe kí ó mọ ọ̀rọ̀ àdéhùn àti ẹnubodè ju èmi tí ń sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ lọ.